Orí Kẹsàn-án àti Ọkọ̀ Oyin

Ọjọ́ 28, oṣù kẹta

Ìyáàfin Lutfa, olóòtú ilé ìtẹ̀wé, pè mí láti Dhaka lónìí. Láti ìgbà òjò èṣí ni mo ti ń retí ìpè yẹn, nígbà tó sì dé tán, ẹnu mi gbẹ. Ó ní ìgbìmọ̀ wọn ti ka ìwé ìtàn àwọn ẹranko tí mo kọ. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan ní ó ń dẹ́rù bani jù fún ọmọdé.

"Maksuda, àwa àgbà la kàn ń jiyàn lé e lórí. Fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kà. Kí ogún nínú wọn kọ ohun tí wọ́n rò, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n kọ 'ìwé náà dára' o. Ohun tó dùn mọ́ wọn àti ohun tó sú wọn ni mo fẹ́."

Nurali ọkọ mi ń fi ọ̀dà kun ìdí ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn ilé. Ó pariwo pé, "Ṣé wọ́n ti gba Tíṣà mi? Sọ fún wọn pé èmi gan-an ni ẹkùn inú ìwé yẹn o!"

Ìyá rẹ̀ ju ṣíbí ọbẹ̀ lù ú. "Pa ẹnu ẹ mọ́! Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí o wọ igbó, o ń pe orúkọ oníyẹn!"

Ọjọ́ 1, oṣù kẹrin

Àwọn ọkùnrin wa bá omi tó ń fà lọ ní àárọ̀. Ọkùnrin méje nínú ọkọ̀ kan. Rustom Gazi ni olórí wọn. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń wọ igbó lọ kó oyin, kò sì tíì sọ ẹnì kankan nù síbẹ̀. Nurali jókòó níwájú, ó ń juwọ́ bí ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó. Tohura, ọmọ Rustom tó wà ní kíláàsì mi, dúró lórí ògiri amọ̀ tí a fi dí odò. Kò juwọ́. Ó kàn ń wo ọkọ̀ títí tó fi wọ àárín igi.

Láti òní títí wọn ó fi dé, ilé wa ti di ilé òfin. A ò gbọdọ̀ dáná lọ́sàn-án. A ò gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ nǹkan, a ò gbọdọ̀ ta òróró sórí, a ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn lójúmọmọ, a ò sì gbọdọ̀ jà. Ìyá ọkọ mi ti gbé ọṣẹ pamọ́ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀.

Mo ní, "Ìyá, ṣé irun gbígbẹ bí koríko yìí ni n ó gbé lọ síwájú àwọn ọmọ?"

Ó ní, "Irun gbígbẹ ò pa ọkọ ẹnì kankan rí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kàwé ní Khulna, mo mọ̀ pé ọṣẹ ò lè ránṣẹ́ pe ẹranko. Ṣùgbọ́n mi ò ta òróró sórí náà. Kí ni mo fẹ́ fi ìjà ṣe?

Ọjọ́ 4, oṣù kẹrin

Ìwé èrò àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ti wọlé! Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kíláàsì lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ, mo ń kà á, mo ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Anarul, aláwàdà wọn, kọ ọ́ pé: "Akàn yìí ń sọ̀rọ̀ jù. Ká ní èmi ni ẹkùn ni, ní orí kejì ni mo ti máa jẹ ẹ́." Bithika ní òun sunkún níbi tí àgbọ̀nrín ti fún ọmọ rẹ̀ ní omi tó kù lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, "ṣùgbọ́n mi ò sunkún púpọ̀." Shimul ní: "Kí ló dé tí wọ́n ń wá omi tí kò níyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin tí ẹnì kankan ò wá ìrẹsì? Ebi ń pa mí bí mo ṣe ń kà á."

Òótọ́ ló sọ. Mi ò tiẹ̀ rò ó rí.

Mo ní láti lọ fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà orí mẹ́ta tó kù ní ọjà. Owó tákà méjì lójú ìwé kan. Ooru pọ̀ débi pé ẹ̀rọ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ 7, oṣù kẹrin

Tohura mú tiẹ̀ wá. Ojú ìwé méjì gbáko, ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. "Orí kẹta gùn jù. Ọ̀bọ náà jọ Anarul. Ẹkùn arúgbó náà ń tọrọ àforíjì jù. Mi ò tíì rí alágbára tó ń tọrọ àforíjì tó bẹ́ẹ̀ rí." Ọmọ ọdún mọ́kànlá! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbé e mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: "Mi ò ka orí kẹsàn-án. Mo rí àkọlé rẹ̀. N ó kà á bí bàbá mi bá dé."

Orí kẹsàn-án ni ẹkùn ti pa ọkùnrin oyin.

Ọjọ́ 9, oṣù kẹrin

Mo to ìwé ogún náà jọ. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ̀rọ̀ nípa orí kẹsàn-án. Gbogbo wọn fò ó bí ẹni fo kòtò. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ò sí nínú igbó, àbúrò bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyáàfin Lutfa tún pè. "Maksuda, orí kẹsàn-án gan-an ni ìjà wa. Bí àwọn ọmọ ò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọ́n á ní kí a yọ ọ́, bí a bá sì yọ ọ́, ìwé ò sí mọ́."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé yìí. Nígbà míì, ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni mo ń kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ 11, oṣù kẹrin

Mo kà á sókè lónìí.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ gbé ìwé lọ, mo bá ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Mo kà á bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an, mi ò fi orúkọ mìíràn bò ó: ẹkùn, ẹkùn, ẹkùn. Ọkùnrin oyin dúró láàárín gbòǹgbò, èéfín wà lójú rẹ̀, kò rí ohun tó ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ orí yẹn kọ. Mo gbọ́ bí kíláàsì ṣe pa lọ́lọ́, inú mi sì dùn. Kí Ọlọ́run forí jì mí, inú mi dùn pé iṣẹ́ mi ń bà wọ́n lẹ́rù.

Tohura dìde. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

"Tohura, ìwé ni. Yíǹkì lásán ni."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ná, kí ẹ tó kà á tán. Ẹ kàn dúró díẹ̀."

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "O ń ṣe bí ìyá arúgbó." Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà nìyẹn. Kò jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn ṣí, ó gba ilé lọ láìwọ bàtà.

Mo kà á tán. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan. Anarul tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ló bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ó dun ọkùnrin yẹn?"

Mo ní mi ò mọ̀. Èmi tí mo kọ ọ́.

Ọjọ́ 12, oṣù kẹrin

Ìyá ọkọ mi ti gbọ́. Kò bá mi jà, torí pé a ò gbọdọ̀ jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹrin

Ní etí adágún tí a ti ń pọn omi mímu, àwọn obìnrin fi àyè sílẹ̀ fún mi, àyè tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Momena, ìyá Tohura, nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè.

"Tíṣà, ọkọ tìẹ náà wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹyin lohùn o."

Mo gbé omi dé ilé, ìdajì ti dà sí mi lára.

Ọjọ́ 14, oṣù kẹrin

Ọdún tuntun ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé kejì wọ aṣọ pupa àti funfun, wọ́n ń kọrin. Tiwa dákẹ́.

Ìjì jà lọ́sàn-án, ó ṣí páànù méjì lórí ilé ìwé. Mo ń ronú nípa ọkùnrin méje nínú ọkọ̀ tí kò ní ju àtíbàbà ọ̀pẹ lọ. Bí ìjì náà ṣe ń jà, ìyá ọkọ mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kó má baà pa dé. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tí mo ka ìwé. Ọpọlọ mi ní ìsọkúsọ ni. Ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ jókòó tì í. Òjò pa àwa méjèèjì bí ẹja.

Ọjọ́ 16, oṣù kẹrin

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí n má baà fi tèmi kún un.

Ọkùnrin kan tó ń dẹ akàn dé láti ìsàlẹ̀ odò láàárọ̀. Ó sọ ọ́ ní ìsọ̀ tíì. Ó ní òun rí aṣọ ìnura tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ní etí odò kékeré kan, aṣọ tuntun, kò tíì ṣá. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí níbí. Oníyẹn ti mú ẹnì kan níbẹ̀, ẹ má sọ̀ kalẹ̀.

Mo sáré lọ bá a. "Àwọ̀ wo ni aṣọ náà?"

"Pupa, Tíṣà. Onígun mẹ́rin-mẹ́rin."

Nurali ní irú rẹ̀. Rustom ní irú rẹ̀. Àwọn méjèèje ni, ìsọ̀ kan náà ni wọ́n ti rà á lọ́jọ́ kan náà. Ọkọ̀ tiwa nìkan ló sì gba ọ̀nà odò yẹn lọ. Fóònù ò ṣiṣẹ́ nínú igbó. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ju kó dúró.

 

Ọjọ́ 17, oṣù kẹrin

Mo kírun, mo bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ́ Nurali. Nígbà tí mo gbé orí sókè ni mo rí i pé mo ti ń fi ẹlòmíràn sí i. Mo ka orúkọ àwọn mẹ́fà tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí mo lè sọ pé kí ó jẹ́. Síbẹ̀ mo tún forí balẹ̀, mo tún àdúrà kan náà gbà.

Èèyàn burúkú ni ẹ̀rù ń sọni dà.

Ọjọ́ 18, oṣù kẹrin

Mo gba gbogbo ẹ̀dà orí kẹsàn-án padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Mo kó o sínú agolo bísíkíìtì, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lákọ̀tun. Ọkùnrin oyin gbọ́ tí ọ̀bọ ké, ó gun igi, ó bọ́. Ìyá ọkọ mi rí mi tí mo ń kọ ọ́ nígbà tó yẹ kí n máa sùn lọ́sàn-án. Kò lè kàwé, ṣùgbọ́n ó bi mí pé, "Ṣé o ti mú un kúrò níbẹ̀?" Mo ní mo ń mú un kúrò. Ó lọ bu omi fún mi.

Tohura ò dẹ́kun wíwá sí ilé ìwé. Ó ń jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà ìsinmi mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Mo ń yí i padà, Tohura. Ọkùnrin yẹn ò ní kú mọ́."

Ó wò mí. "Àǹtí, bí ẹ bá yí i, ṣé ó máa dé ọ̀dọ̀ wọn?"

Èmi tí mo sọ pé yíǹkì lásán ni! Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó ní, "Ẹ tètè yí i."

Ọjọ́ 19, oṣù kẹrin

Mo yí i tán kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí ọkọ̀.

Ọjọ́ 20, oṣù kẹrin

Wọ́n dé pẹ̀lú omi tó ń kún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹnì kan pariwo, gbogbo abúlé sì sáré lọ sórí ògiri amọ̀. Mi ò wọ bàtà.

Mo rí Nurali. Òun ló ń wa ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí Rustom máa ń dúró sí. Ara mi yọ̀. Mi ò ní purọ́ sínú ìwé ara mi: gbogbo ara mi ló yọ̀, mo tiẹ̀ ké. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rí Tohura lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìka rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó ń ka àwọn tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Mẹ́fà. Ó tún kà. Mẹ́fà. Ohun kan sì wà ní àárín ọkọ̀ tí wọ́n fi ẹní bò.

Kò sunkún. Ó di aṣọ mi mú, èmi tí ó yẹ kó kórìíra, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi gbé ẹní náà sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ 21, oṣù kẹrin

A sin Rustom. Nurali sùn látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó jí, ó sọ díẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"A tẹ̀lé oníyẹn wọ inú ẹrẹ̀. A ń lu igi, a ń pariwo. A gba Rustom lọ́wọ́ rẹ̀; ìjì ba ọkọ̀ jẹ́, ó pẹ́ ká tó gbé e wálé. Ìyẹn nìkan la lè ṣe."

Mo bi í ní ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí láti bi í, mo sì bi í.

Ó ronú. "Ó ku díẹ̀ kí ìjì tó jà. Ọjọ́ kejìlá, àbí ìkẹtàlá. Mi ò mọ ọjọ́ mọ́ níbẹ̀, Maksuda. Kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹrin

Mo ti ń dúró kí wọ́n wá bá mi. Wọn ò wá. Momena ni wọ́n dojú kọ, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún gbogbo opó igbó. Wọ́n ní òun ló jẹ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó dájú pé ó fi ọṣẹ fọ aṣọ, tàbí ó dín ata lọ́sàn-án. Lónìí ní etí adágún, ẹnì kan fi ẹsẹ̀ sún ìkòkò omi rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, bí ẹni pé àrùn wà lára ìkòkò.

Mo ní, "Momena ò fọ nǹkan kan. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo pe orúkọ oníyẹn lójúmọmọ níwájú ogún ọmọ. Bó bá jẹ́ ẹnu ló pa á, ẹnu tèmi ni, ẹ fi Momena sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọkọ tìẹ fi yè bọ́?"

Mo rò pé wọ́n máa lù mí. Momena pọn omi rẹ̀ kún, ó ní, "Tíṣà, bá mi gbé e."

Mo bá a gbé e. A rìn dé ilé rẹ̀.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹrin

Ìyáàfin Lutfa pè. Mo sọ fún un pé mo ti yí orí kẹsàn-án, ọkùnrin náà ò kú mọ́. Ó ní, "Ta ló ní kí o yí i?" Mo ní ẹ̀rù ni. Ó ní òun máa dúró di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún

Tohura padà wá sí ilé ìwé. Ó ti rù. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù lọ, ó dúró níwájú tábìlì mi.

"Àǹtí, mo fẹ́ ka orí kẹsàn-án."

Mo fún un ní èyí tí mo yí. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó dá a padà fún mi.

"Mi ò fẹ́ èyí. Ti tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́."

"Tohura, má kà á. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo sọ pé n ó kà á bó bá dé. Ó ti dé."

Mo lọ sílé, mo gbé agolo jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ò lè ṣí ìdérí rẹ̀, ìyá ọkọ mi ló bá mi ṣí i. Tohura jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwé, ó ń kà á, ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà. Mo dúró lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ̀rù ọmọ náà bà mí ju ohunkóhun tó wà nínú igbó lọ. Ó kà á tán, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ká a sínú àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ 4, oṣù karùn-ún

Ó fi ìwé èrò rẹ̀ sórí tábìlì mi láàárọ̀, kí n tó dé. Mo dà á kọ síbí bó ṣe kọ ọ́, nítorí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ń lọ sí Dhaka.

"Orí kẹsàn-án. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dẹ́rù bà mí, ṣùgbọ́n kò ju bó ti yẹ lọ. Ẹ má yọ ọ́. Ohun kan ni kò dára. Gbogbo ẹranko inú ìwé yìí ló ní orúkọ. Eṣúṣú tó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré ní orúkọ. Ọkùnrin tó kú ò ní. Orúkọ bàbá mi ni Rustom Gazi. Mo ti bi ìyá mi, ó ní ẹ lè lò ó."

Mo ka iye ibi tí mo ti kọ "ọkùnrin oyin" sí ní orí yẹn. Mọ́kànlélógójì ni. Mo ń fi rúlà fa ìlà gba inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ Rustom Gazi sórí rẹ̀. Mo ti ṣe mẹ́tàlá. Mo ń rọra ṣe é, kí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lè rí orúkọ náà kà dáadáa.